Òkè tí ó Yẹ Ẹni tí Kò Gun Òkè Rí

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò. Láti ọjà Alábà títí dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ènìyàn lè rìn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ó má ṣe gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí yóò mú un mí hẹlẹhẹlẹ. Bí a bá gbẹ́ kànga níbẹ̀, yanrìn, amọ̀ àti omi ni a ó bá. A kò ní kan àpáta. Ọmọ tí a bí sí etí ọ̀sà náà mọ ọkọ̀ ojú omi, ó mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tí ó ń fà, ó sì lè lúwẹ̀ẹ́ kí ó tó mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè ohun tí òkè jẹ́, ohun tí ó kà nínú ìwé nìkan ni yóò rí sọ.

Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé nígbà tí ìsinmi ọdún Àjíǹde bá ń súnmọ́ tòsí, tí àwọn ọ̀dọ́ agbègbè náà bá fẹ́ lọ wo ibòmíràn, òkè ni ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan yóò ní Ìdànrè ni kí àwọn lọ, nítorí pé òkìkí rẹ̀ kàn ju ti gbogbo òkè yòókù lọ. Èkejì yóò ní Súmà tí ó wà lẹ́bàá Àbújá ni, nítorí pé àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó bébà ọgọ́rùn-ún náírà tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 1999. Ẹ̀kẹta yóò sì ní Olúmọ ni, nítorí pé ó súnmọ́ ilé. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò sí èyí tí ó tíì béèrè ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè, èyíinì ni irú ẹni tí ó fẹ́ gun òkè náà. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹsẹ̀ tí yóò gun òkè ni ó sì yẹ kí a wò kí a tó yan òkè. Ẹni tí ó bá ṣi òkè yàn lè ṣubú kí ó dá lẹ́sẹ̀, ó sì lè pàdánù ohun tí ó ju ẹsẹ̀ lọ.

Ó dára kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí òkè fi wà níbì kan tí kò sí níbòmíràn. Ilẹ̀ etíkun Èkó jẹ́ ilẹ̀ tí omi kó jọ. Láti ìgbà láéláé ni odò àti òkun ti ń kó yanrìn àti amọ̀ wá síbẹ̀, tí wọ́n ń tò wọ́n lé ara wọn bí ẹni tò ẹní. Àpáta wà lábẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ó jìnnà púpọ̀ sí ojú ilẹ̀. Bí a ti ń lọ sí ìhà àríwá ni ìpele yanrìn náà ń fẹ́lẹ́ sí i, títí a ó fi dé agbègbè Abẹ́òkúta, níbi tí àpáta ti yọ orí jáde. Púpọ̀ nínú àwọn àpáta ńlá ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gíránáìtì. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ohun gbígbóná yíyọ́ ni wọ́n jẹ́ nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n tutù díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì le. Lẹ́yìn náà, òjò àti ẹ̀fúùfù ń gbá ilẹ̀ tí ó bò wọ́n lọ, títí wọ́n fi hàn sí gbangba bí orí apárí.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn yìí fún ẹni tí ó fẹ́ gun òkè. Nígbà tí ẹrù ilẹ̀ tí ó wà lórí àpáta bá kúrò, tí oòrùn sì ń mú un gbóná lọ́sàn-án tí òru sì ń mú un tutù, ara àpáta náà a máa bó ní ìpele ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Èèpo náà lè dàbí ohun tí ó dúró gbọn-in, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti kúrò lára ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lè yọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó gbọ́n kì í fi í kúrò lójú ọ̀nà tí àwọn ará ìlú ti là, tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti dán wò.

Gígun òkè pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkínní ni èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ nìkan gùn, lójú àtẹ̀gùn tàbí lójú ipa ọ̀nà. Èkejì ni èyí tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, tí ènìyàn ń di pàlàpálá àpáta mú tí ó sì ń wọ́ gòkè. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àpáta ti nàró bí ògiri, tí kò ṣeé gùn láìsí okùn. Ọ̀nà kẹta yìí kò ṣàjèjì sí ọgbọ́n Yorùbá pátápátá. Ẹni tí ó bá ti rí akọpẹ rí ti rí i pé ó fi igbà yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká, ó fi ẹ̀yìn ti igbà náà, ó sì ń sún un sókè bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè. Bí igbà bá já, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́. Nítorí náà, akọpẹ kì í gun ọ̀pẹ láìkọ́kọ́ yẹ igbà rẹ̀ wò. Àwọn tí ń gun àpáta ní ilẹ̀ òkèèrè náà ní igbà tiwọn. Wọ́n ń di àmùrè líle mọ́ ìdí, wọ́n ń so okùn tí ó lè nà díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń dé akoto sórí, ẹnì kejì wọn a sì dúró nísàlẹ̀, a di okùn náà mú, kí ó má baà jẹ́ kí ẹni tí ó bá yọ̀ já sílẹ̀. Iṣẹ́ náà ti di eré ìdárayá ńlá. Ní ọdún 2021, níbi ìdíje Òlíńpíìkì tí ó wáyé ní ìlú Tokyo, a fi gígun ògiri kún eré ìdíje náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń ti inú ìwé kọ́ bí a ti ń di okùn mú. Ẹni tí kò bá ní olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí ó fi àpáta tí ó nàró sílẹ̀.

Láti inú èyí ni a ti lè mọ̀ pé gíga òkè kọ́ ni ìnira rẹ̀. Òkè Kilimanjaro ní ilẹ̀ Tansaníà ga tó 5,895 mítà, òun ni ó sì ga jù ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi ẹsẹ̀ rìn dé orí rẹ̀ láìlo okùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù àti àìtó afẹ́fẹ́ ń bá wọn jà. Súmà kò ga tó ìdá mẹ́ta rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nàró bí ògiri ilé. Ní ilẹ̀ Máli ẹ̀wẹ̀, òkè Hombori ga tó 1,155 mítà. Nígbà kan rí, àwọn ọ̀jáfáfá láti ilẹ̀ Yúróòpù a máa wá gun àwọn àpáta agbègbè rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2012 ni ewu ti wà lọ́nà ibẹ̀. Ẹni tí kò gun òkè rí tí ó ní Súmà tàbí Hombori ni òun yóò fi bẹ̀rẹ̀, eré kí ni ajá ń bá ẹkùn ṣe?

Nígbà náà, kí ni ó yẹ kí a wò? Èkínní ni ọ̀nà: ǹjẹ́ àtẹ̀gùn tàbí ipa ọ̀nà tí ó yéni wà? Èkejì ni amọ̀nà: ǹjẹ́ ará ìlú kan wà tí yóò ṣíwájú? Ẹ̀kẹta ni ìrìn àjò: ǹjẹ́ a lè lọ, kí a gun òkè, kí a sọ̀ kalẹ̀, kí a sì padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú? Ẹ̀kẹrin ni ibi ìsinmi: bí ó bá rẹ ẹnì kan ní àárín ọ̀nà, ǹjẹ́ ó lè jókòó níbẹ̀ tàbí kí ó padà láìsí ewu? Ẹ̀karùn-ún ni ìrànlọ́wọ́: bí ẹnì kan bá fara pa, ǹjẹ́ ilé ìwòsàn wà nítòsí? Bí a bá fi ìbéèrè márùn-ún yìí wọn òkè mẹ́ta tí òkìkí wọn kàn ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdáhùn yóò fara hàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìdànrè bẹ̀rẹ̀. Ìdànrè wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sì jìnnà sí Àkúrẹ́. Láti Òkokomáíkò, ìrìn náà tó nǹkan bí 300 kìlómítà. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè tẹ̀dó sí ní ìgbà àtijọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìlú tí wọ́n ń gbé nísinsìnyí. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀, pẹ̀lú ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2007, a fi ibẹ̀ kún àwọn ibi tí Nàìjíríà dárúkọ fún àjọ UNESCO pé ó yẹ láti jẹ́ ogún gbogbo ayé. Kò sí òkè mìíràn tí ó fi ìgbé ayé àwọn baba ńlá hàn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí ó lọ síbẹ̀ lé ní 600, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Bí a bá sì gun àtẹ̀gùn tán, ìrìn ṣì kù nínú ìlú àtijọ́ náà. Ẹni tí ó bá ti Ọ̀jọ́ jáde ní òwúrọ̀ kò lè ṣe gbogbo èyí kí ó sì padà ní ọjọ́ kan náà láìfi ara rẹ̀ wéwu. Ó gbọ́dọ̀ sùn sí Àkúrẹ́ tàbí sí Ìdànrè. Ìdànrè yẹ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ òkè díẹ̀.

Adó-Àwáyè ni ó tẹ̀ lé e. Ìlú yìí wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sì jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Lórí òkè rẹ̀ ni adágún omi kan wà tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò, nítorí pé ìyanu ni kí a gun àpáta gbígbẹ tán kí a tún bá omi lókè. Àpáta ńlá kan tún wà níbẹ̀ tí ó fi ìdí kékeré jókòó, bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé e lé ibẹ̀. Àtẹ̀gùn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ lé ní 300, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni ó ní àtẹ̀gùn. Ní òkè, orí àpáta gan-an ni ènìyàn ń rìn, láìsí ohun tí yóò dì mú. Ibẹ̀ ni amọ̀nà ti di dandan. Ẹni tí ó bá súnmọ́ etí adágún náà láti fi ìgboyà hàn kò mọ bí omi náà ti jìn tó, bẹ́ẹ̀ ni òkúta etí omi sì ń yọ̀. Òkè ẹlẹ́ẹ̀kejì ni Adó-Àwáyè jẹ́, kì í ṣe òkè àkọ́kọ́.

Olúmọ ni ó kù. Abẹ́òkúta kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ sí Òkokomáíkò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: a lè wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà títì lọ, a sì lè wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 2021, nítorí pé ó ń dúró ní Abẹ́òkúta. Òkè náà kò ga púpọ̀; 137 mítà ni a sọ pé orí rẹ̀ fi ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Ó wà láàárín ìlú, nítorí náà ilé ìwòsàn kò jìnnà. Amọ̀nà wà ní ẹnu ọ̀nà. Àtẹ̀gùn wà, ibi ìsinmi wà, ìjọba sì fi ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ nígbà tí ó tún ibẹ̀ ṣe ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá gun òkè kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ. Àtẹ̀gùn àtijọ́ tí a gbẹ́ sára àpáta náà tún wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti rí láti fi ọwọ́ kan òkúta kí ó sì gba àárín pàlàpálá kọjá. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá sì tán lè padà kí ìtìjú kankan má bá a.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ojú kékeré wo Olúmọ nítorí pé ó rọrùn láti gùn. Ní nǹkan bí ọdún 1830, nígbà tí ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, abẹ́ àpáta yìí ni àwọn tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn wá fi ṣe ibi ìsádi, láti inú èyí sì ni orúkọ Abẹ́òkúta ti jáde. Àwọn ibi tí wọ́n ti lọ ọkà ṣì wà lára òkúta níbẹ̀, tí ó jin kòtò. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì wá kọlu ìlú náà ní oṣù Máàṣì ọdún 1851, àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà; nígbà tí wọ́n sì tún wá ní ọdún 1864, bákan náà ni ó rí. Ẹni tí ó bá dúró lórí Olúmọ tí ó rí òrùlé páànù ìlú náà lọ bẹẹrẹ, tí ó sì rí odò Ògùn lókèèrè, yóò mọ̀ pé ìyá arúgbó tí ó gbé ọmọ pọ̀n sá wá síbẹ̀ kò wá ṣe fàájì. Ẹ̀mí ni ó gbé sá wá.

Bí a bá ti yan òkè, ó kù kí a yan ọjọ́. Oṣù Máàṣì àti oṣù Épírì jẹ́ ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí tí àkọ́rọ̀ òjò sì ń bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ti lọ, nítorí náà ojú ọ̀run mọ́, ènìyàn sì lè rí ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n òjò ìgbà yìí a máa dé lójijì ní ọ̀sán tàbí ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìjì àti àrá. Àpáta tí ó gbẹ ń di ẹsẹ̀ mú. Bí omi bá kàn án, pàápàá níbi tí ewédò ti hù sí i, a máa yọ̀ bí ilá. Èyí tí ó tún burú jù ni mànàmáná, nítorí pé ẹni tí ó dúró sórí àpáta gbalasa ni ó ga jù níbẹ̀. Bí a bá rí mànàmáná, kí a máa kà. Bí àrá bá sán kí a tó ka 30, ìjì náà ti súnmọ́ tòsí, a sì gbọ́dọ̀ ti máa sọ̀ kalẹ̀. Kí a má ṣe sá sábẹ́ igi tí ó dá dúró. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, kí a sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ìmúrasílẹ̀ ṣe pàtàkì bákan náà. Ọmọ Ọ̀jọ́ kò ní òkè nílé, ṣùgbọ́n ó ní afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì, ó sì ní àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́. Bí ó bá ń gun wọ́n láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ó sì ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ pẹ̀lú, orúnkún rẹ̀ yóò ti mọ ohun tí ń bọ̀. Kí ó wọ bàtà tí ó ní ìdí rọ́bà tí ó sì di ẹsẹ̀ mú; sálúbàtà kò yẹ òkè. Kí ó gbé omi tí ó tó lítà 2 dání, àti oúnjẹ tí kò wúwo. Kí ó má ṣe ju òkúta sínú pàlàpálá àpáta, nítorí pé oyin a máa ṣe ilé síbẹ̀, ẹni tí ó bá sì bínú sí oyin lórí òkè kò ní ibi tí yóò sá gbà.

Kí a sì rántí pé òkè kì í ṣe ilẹ̀ aláìlólúwa. Ojúbọ wà lórí ọ̀pọ̀ wọn, àwọn tí ó ni wọ́n sì ṣì ń bọ wọ́n. Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Bí amọ̀nà bá ní kí a má ṣe wọ ibì kan, tàbí kí a má ṣe ya àwòrán ohun kan, kí a gbọ́. Abèèrè kì í ṣìnà, ẹni tí ó bá sì bọ̀wọ̀ fún onílé ni onílé ń fi àṣírí ọ̀nà hàn.

Ohun kan tí ó kẹ́yìn ni sísọ̀kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó gbà pé bí òun bá ti dé orí òkè, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ènìyàn ń gòkè, agbára rẹ̀ wà lára rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lọ́nà. Nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, ọkàn rẹ̀ sì ti wà nílé. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àwọn mẹ́wàá jọ lọ. Akọni kan nínú wọn sáré ṣáájú, ó dé òkè kí àwọn yòókù tó dé ìdajì, ó pariwo ayọ̀, ó sì tún sáré bọ̀ wá sísàlẹ̀. Nínú àtẹ̀gùn tí ó kẹ́yìn ni ó ti tàsé. Ẹni tí ó lọ́ra jù nínú wọn ni ó wá fi èjìká gbé e dé inú ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó tún bi wọ́n mọ́ pé ta ni ó kọ́kọ́ dé orí òkè. Ohun tí àwọn òbí ń béèrè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni bóyá gbogbo wọn dé.

Nítorí náà, kí ẹni tí kò gun òkè rí fi Olúmọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yìí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbà á, kí ó lọ sí Adó-Àwáyè lọ́dún tí ń bọ̀, lẹ́yìn náà kí ó lọ sùn sí Ìdànrè kí ó sì gun àwọn àtẹ̀gùn rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Àwọn òkè náà kò ní sá lọ. Wọ́n ti dúró de ènìyàn láti ìgbà tí a kò lè kà. Àwọn ará etíkun Àgbádárìgì tí àgbọn pọ̀ lọ́dọ̀ wọn mọ òwe tí ó yẹ ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò sì ní láti rí òkè kí wọ́n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.